Ọwọ́ Ni àbí Jìtá? Ìtàn Àríyànjiyàn Lórí Ohùn Jìtá Oníná

Ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí, nítorí òun ló gbé mi dé ìdí ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Bàbá àgbà mi ní jìtá oníná kan. Pupa ni, ọ̀dà rẹ̀ ti bó níbi tí apá wọn máa ń sinmi lé. Okùn mẹ́fà ló yẹ kó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló kù. Ó tó ogún ọdún tí Bàbá àgbà fi ta jìtá yìí nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan ní Ìbàdàn, níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsìnkú àgbà. Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ọwọ́ òsì wọn kò lè tẹ okùn mọ́. Bí jìtá ṣe wọ abẹ́ ibùsùn nìyẹn.

Nígbà ọlidé Kérésìmesì tó kọjá, mo bẹ Bàbá àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa fi jìtá náà kọ́ṣẹ́, nítorí ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ta jìtá onígi nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Wọ́n gbà. A fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ, a tan iná, ṣùgbọ́n jìtá kò fọhùn. Àbúrò bàbá mi, tí òun náà ń ta jìtá, yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní pickup rẹ̀ ti kú, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù, ká ra tuntun, irú èyí tí wọ́n fi orúkọ gbajúmọ̀ olórin kan pè, kí jìtá lè máa dún bíi ti olórin náà. Bàbá mi ní owó ìdánwò WAEC mi ni òun ń wá kiri, kì í ṣe owó pickup. Ó ní ẹnìkan wà tó ń ra jìtá àtijọ́, kí a kúkú tà á fún un. Bàbá àgbà kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Bí ẹ bá yọ ọ́, ohùn ta ni yóò wá máa ti inú rẹ̀ jáde?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Níbo gan-an ni ohùn jìtá oníná ti ń wá? Ṣé inú pickup ni, àbí inú igi, àbí ọwọ́ ẹni tó ń ta á? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni ìjà yìí wà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn olólùfẹ́ jìtá káàkiri àgbáyé ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbà fún ẹnìkejì. Nínú àròkọ yìí, màá sọ bí ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni màá sọ ibi tí èmi dúró sí.

Kí n tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí pickup jẹ́, nítorí òun gan-an ni orí ìjà. Jìtá onígi ní ihò ńlá láàárín, inú rẹ̀ sì ṣófo bí igbá. Inú tó ṣófo yìí ló ń mú kí ohùn okùn tóbi. Jìtá oníná kò nílò ihò. Lábẹ́ okùn rẹ̀ ni ohun kékeré kan wà tó rí bí ọṣẹ pẹlẹbẹ. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, a sì yí wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí mọ́ ọn lára ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nínú pickup jìtá Stratocaster àtijọ́, ìyípo wáyà náà tó nǹkan bí 8,000. Nígbà tí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà yìí, ó ń da agbára òòfà náà láàmú, ìdààmú yẹn ló sì ń bí iná mọ̀nàmọ́ná kékeré sínú wáyà. Iná kékeré yìí ló ń lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí àwọn olórin ń pè ní amp, tí amp yóò sì sọ ọ́ di ohùn ńlá. Ìdí nìyí tí okùn ọ̀rá kì í fi í dún lórí jìtá bẹ́ẹ̀: òòfà kò mọ ọ̀rá, irin ló mọ̀. Olùkọ́ físíìsì wa ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí ní SS2, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀kọ́ kan náà ló sùn sábẹ́ ibùsùn Bàbá àgbà.

Ohun tó bí pickup ni pé etí kì í gbọ́ jìtá. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ olórin ti ń tóbi sí i. Fèrè ń ké, ìlù ń ró, onijìtá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń ṣe wàhálà lásán. Ní ìlú Los Angeles, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ George Beauchamp. Jìtá àwọn ará Hawaii ló ń ta, èyí tí wọ́n máa ń gbé lé itan, tí wọ́n á sì fi irin kékeré fà lórí okùn kí ohùn rẹ̀ lè máa yọ́ lọ bí ẹni ń kédàárò. Òun àti Adolph Rickenbacker ló jọ ṣe jìtá oníná àkọ́kọ́ tó rí ọjà. Wọ́n ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ ní ọdún 1931, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1932. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ ọ́. Nítorí pé orí rẹ̀ rí róbótó, tí ọrùn rẹ̀ sì gùn, àwọn ènìyàn ń pè é ní páànù ìdínran. Ọdún 1937 ni ìjọba tó fún Beauchamp ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe tiwọn tà nígbà náà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Gibson, tó gbé jìtá ES-150 jáde ní ọdún 1936. Ẹni tó sọ jìtá yìí di olókìkí ni Charlie Christian, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó dàgbà ní Oklahoma City. Ní ọdún 1939 ó wọ ẹgbẹ́ Benny Goodman, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta jìtá bí ẹni ń fọn fèrè: okùn kan lẹ́yìn òmíràn, ní gbangba, láàárín ọ̀pọ̀ fèrè, etí gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní ọdún 1942, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 25 péré. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe pickup tó wà lára jìtá náà, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ṣe é. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ló ṣe é. Níbí ni mo ti kọ́kọ́ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe díjú. Bí kò bá sí pickup yẹn, a kò ní gbọ́ Charlie Christian rárá. Bí kò bá sì sí Charlie Christian, kò sí ẹni tí ì bá rántí pickup yẹn. Ta ni ká wá fún ní ìyìn?

Ìjà gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe jìtá tí inú rẹ̀ kò ṣófo mọ́. Les Paul, tí a bí ní ọdún 1915, ta ko inú tó ṣófo nítorí pé nígbà tí amp bá ń pariwo, inú náà á gba ohùn padà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ní nǹkan bí ọdún 1941, ó mú ìtì igi kan, ó kan ọrùn jìtá mọ́ ọn, ó fi pickup sí i. Ó máa ń sọ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ fi ìtì igi yìí ṣeré, àwọn ènìyàn kò kà á sí. Lẹ́yìn náà ó la jìtá kan sí méjì, ó so apá rẹ̀ mọ́ ìtì igi náà ní ọ̀tún àti ní òsì kó lè jọ jìtá. Nígbà náà ni wọ́n tó yìn ín, bẹ́ẹ̀ ohùn tí wọ́n gbọ́ ní àkọ́kọ́ náà ni wọ́n ṣì ń gbọ́. Nígbà tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín. Ojú wa máa ń bá etí wa pín nínú gbígbọ́.

Ní Fullerton ní ìpínlẹ̀ California, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò, Leo Fender, ń ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1950 ó gbé jìtá kan jáde tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Broadcaster. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ta ìlù, nítorí náà ó yí i padà sí Telecaster ní ọdún 1951. Ọdún 1954 ni Stratocaster dé, tó ní pickup mẹ́ta. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Leo Fender kò mọ jìtá ta. Ẹni tó ṣe jìtá méjèèjì yìí kò lè fi wọ́n kọ orin kan. Àwọn olórin ló máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n á sọ ohun tó ń dùn wọ́n, á sì lọ tún un ṣe.

Nígbà tí Gibson rí i pé ọjà Fender ń tà, wọ́n rántí Les Paul. Ní ọdún 1952 wọ́n gbé jìtá aláwọ̀ wúrà kan jáde, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lórí. Bí jìtá alórúkọ ṣe di nǹkan ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe jìtá náà gan-an? Les Paul sọ pé òun ni. Ted McCarty, tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìjà yẹn kò parí títí àwọn méjèèjì fi kú. Ní ọdún 1961 ilé iṣẹ́ náà yí ìrísí jìtá náà padà, kò wu Les Paul, orúkọ rẹ̀ sì kúrò lórí rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní Britain, bí Eric Clapton, ló wá ń wá èyí àtijọ́ kiri, tí wọ́n fi ń ta orin blues pẹ̀lú amp tí wọ́n yí sókè pátápátá. Ìwákiri náà pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1968. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí jìtá ń ta orin kan, àwọn tó gbé jìtá náà lékè ń ta òmíràn.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn ń wá wà nínú pickup tí Seth Lover ṣe fún Gibson ní ọdún 1955. Pickup ti àtẹ̀yìnwá ní ìdì wáyà kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ mọ́ bí agogo, ṣùgbọ́n ó máa ń kùn bí oyin nítorí pé ó ń gba ariwo iná tó wà ní àyíká rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà ní ìjọ nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tí onijìtá sì so wáyà rẹ̀, mọ ohun tí mo ń sọ. Lover fi ìdì wáyà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì mú kí ìkejì dojú kọ òdì. Ariwo tí ìkíní gbé wọlé, ìkejì á pa á, ṣùgbọ́n ohùn okùn á di méjì. Láti ọdún 1957 ni irú rẹ̀ ti wà lára jìtá Gibson. Ibẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ jìtá ti pín sí ẹgbẹ́ méjì. Àwọn kan ní ohùn tó mọ́ ni ohùn, kódà bó bá ń kùn. Àwọn kejì ní ohùn tó nípọn tí kò kùn ló dára. Òwò sì wọ inú ìjà náà, nítorí pé jìtá àtijọ́ tó ní pickup ìgbà yẹn ti di ohun tí olówó nìkan ń rà.

Òwò yìí náà ló bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ jìtá alórúkọ. Ọdún 1988 ni Fender gbé jìtá alórúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ti Eric Clapton. Jìtá tí Clapton fúnra rẹ̀ ń ta ṣáájú ìgbà náà kì í ṣe ti olówó. Ó ra Stratocaster àlòkù bíi mélòó kan ní ìlú Nashville ní ọdún 1970, ó tú mẹ́ta nínú wọn, ó sì fi ẹ̀yà ara wọn to ẹyọ kan. Ní ọdún 2004, nígbà tí wọ́n gbé e fún gbàǹjo kí owó rẹ̀ lè lọ fún ìwòsàn àwọn tí oògùn olóró ti di àkúnlẹ̀bọ fún, iye tí wọ́n rà á jẹ́ 959,500 dọ́là. Jimi Hendrix ní tirẹ̀ jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Jìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló dojú rẹ̀ dé, ó tún okùn rẹ̀ tò, èyí tó mú kí pickup rẹ̀ wà ní òdì sí okùn. Ó kú ní ọdún 1970. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣe jìtá kan tí ohun gbogbo lára rẹ̀ wà ní òdì, kí ọlọ́wọ́ ọ̀tún lè rí ohùn Hendrix. Ẹni tó ń ṣe bó ti mọ ni wọ́n sọ di ìlànà.

Ẹni tó wú mi lórí jù nínú gbogbo wọn ni Brian May ti ẹgbẹ́ Queen, nítorí ọjọ́ orí mi, ọdún 16, ló wà nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jìtá rẹ̀ ní ọdún 1963. Wọn kò ní owó tí wọ́n lè fi ra èyí tó wù ú. Igi tí wọ́n yọ kúrò lára ibi ìdáná àtijọ́ kan ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn rẹ̀, wọ́n sì lo irin aláfà láti ara alùpùpù. Owó ẹyọ sísì pẹ́ńsì ló fi ń ta okùn rẹ̀. Jìtá yẹn náà ló gbé gun orí òrùlé ààfin ọbabìnrin ilẹ̀ England ní ọdún 2002. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí kò ràn mí lọ́wọ́: pickup tó kọ́kọ́ ṣe fúnra rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ra mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ kan. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé pickup kò já mọ́ nǹkan kan, irọ́ ló ń pa.

Nígbà tí mo sọ fún àbúrò bàbá mi pé mo fẹ́ máa ta jìtá oníná, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Obìnrin wo lo rí tó ń ta á?" N kò ní èsì nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ní in báyìí. Sister Rosetta Tharpe, tí a bí sí Arkansas ní ọdún 1915, ń kọrin ìyìn pẹ̀lú jìtá láti kékeré. Ó ṣe àwo orin ní ọdún 1938, ó gbé jìtá oníná lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tí a ń yìn lónìí ṣì wà lọ́mọdé, ọdún 2018 ni wọ́n sì tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ilé ìrántí àwọn olórin rock ní Amẹ́ríkà. Ní ti jìtá alórúkọ, àwọn ọdún 1990 ni Fender tó fi orúkọ obìnrin àkọ́kọ́, Bonnie Raitt, pe jìtá. Orúkọ tó wà lórí jìtá kì í sọ gbogbo ìtàn.

Ó wá kù sí ilẹ̀ wa. Ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, nígbà ayé Túndé King, jùjú jẹ́ orin àwọn ènìyàn díẹ̀ nínú yàrá: olókùn kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, jùjú fúnra rẹ̀ àti ohùn ènìyàn. Àyìndé Bákàrè ni wọ́n máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ mú iná wọ inú jìtá jùjú, ní nǹkan bí ọdún 1949. Kò tíì sí Telecaster nígbà náà. Jìtá onígi ni, tí wọ́n so ohun èlò agbóhùn mọ́ lára. Ìgbà yẹn náà ni ìlù gángan ń wọ inú jùjú. Ẹ rò ó wò: bí gángan bá ti ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbọ́ jìtá tí kò ní iná? Ìṣòro Beauchamp ní Los Angeles àti ti Bákàrè ní Èkó, ọ̀kan náà ni. Iná ló jẹ́ kí jìtá lè bá gángan fèsì láìjẹ́ pé ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni I. K. Dáíró dé, ẹni tí ọbabìnrin ilẹ̀ England fún ní oyè MBE ní ọdún 1963, lẹ́yìn náà ni Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, tí jìtá inú ẹgbẹ́ wọn di púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ bí ọmọ ìyá ìlù.

Ohun kan wà nínú orin Sunny Adé tí mo gbọ́ láti kékeré láìmọ̀ ohun tó jẹ́: ohùn kan tó ń yọ́ lọ, tó ń ròkè bí ẹyẹ. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á, ẹ sì lè gbọ́ ọ nínú àwo Juju Music tó jáde ní ọdún 1982. Jìtá tí wọ́n ń fi irin fà ni, ọmọ-ọmọ jìtá àwọn ará Hawaii tí Beauchamp fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí páànù ìdínran ní ọdún 1931 wá jókòó sáàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì ń kọ Yorùbá. Irinṣẹ́ kan náà ni, ọwọ́ mìíràn ni.

Mo ti fẹ́ fi ẹnu jóná pé ọwọ́ ló ni ohùn, kí n sì gbè sẹ́yìn Bàbá àgbà, kí n tó ka nípa Abigail Ybarra. Ní ọdún 1956 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Fender. Wáyà ló ń yí mọ́ pickup, ó sì ṣe é títí ó fi fẹ̀yìntì ní ọdún 2013. Àwọn olólùfẹ́ jìtá wá rí i pé pickup tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde dùn létí, wọ́n sì ń wá èyí tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ sí kiri bí ẹni ń wá góòlù. Èyí ló tú mi lójú. Gbogbo wa ń bi ara wa bóyá ọwọ́ ni tàbí pickup, bí ẹni pé pickup já bọ́ láti ọ̀run. Pickup náà, ọwọ́ ló ṣe é. Ọwọ́ obìnrin kan tó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí jìtá kankan tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo dé ibi yìí nínú ìwádìí mi, mo gbé jìtá Bàbá àgbà lọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá tó ń tún rédíò ṣe ní òpin àdúgbò wa. Mo ní bí Leo Fender bá ti ṣọ́ọ̀bù rédíò bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú kí n gbìyànjú. Wọ́n tú u, wọ́n fi mítà wọn án. Wọ́n ní, "Àbúrò, ọ̀kan ti kú lóòótọ́, wáyà inú rẹ̀ ti já. Ṣùgbọ́n ara èkejì le. Wáyà tó jáde láti ara rẹ̀ ni ìpẹtà jẹ." Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo san, láti inú owó tí wọ́n fún mi ní Kérésìmesì. Mo ra okùn tuntun mọ́ ọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a so ó mọ́ amp àbúrò bàbá mi. Ó kùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dún. Àbúrò bàbá mi ta á, ó dára. Èmi ta á, kò dára tó bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà di ojú wọn, wọ́n ń tẹ́tí sí i, wọ́n ní, "Ìwọ lo ń ta á yìí. O máa ń kánjú." Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí i pé ẹ gbọ́ ọ pé pickup yín ti rẹ̀?" Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá àgbà ní kí n wá jókòó ti àwọn. Wọ́n gbé ìdí jìtá náà lé itan wọn, wọ́n ní kí n di ọrùn rẹ̀ mú. Ọwọ́ òsì tèmi ló ń tẹ okùn, ọwọ́ ọ̀tún tiwọn ló ń ta á. Wọ́n ń sọ ibi tí n ó tẹ̀ fún mi: "Gòkè. Padà. Dúró síbẹ̀." Mo ṣi ibẹ̀ tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí ohun tó jáde láti inú amp náà mú kí bàbá mi kúrò ní ìdí fèrèsé, kó sì wá jókòó sílẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ ohùn yẹn mọ́ láti ìgbà tí òun ti wà ní ọ̀dọ́. Kò dárúkọ ẹni tó ń ra jìtá mọ́. Ní ọjọ́ kejì, àbúrò bàbá mi kó owó tó fẹ́ fi ra pickup, ó fi kún owó ìdánwò mi.

Nítorí náà, ibi tí mo dúró sí nìyí. Àwọn tó ní pickup ló ni ohùn kò purọ́, nítorí pé láìsí i, Charlie Christian àti Àyìndé Bákàrè ì bá wà láàárín ariwo tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ wọn. Àwọn tó ní ọwọ́ ló ni ohùn kò purọ́, nítorí pé jìtá kan náà kì í dún bákan náà lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Àṣìṣe wọn ni pé ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń kà, ìyẹn ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí jìtá. Ìtàn fi hàn pé ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀: ọwọ́ ẹni tó ronú rẹ̀, ọwọ́ obìnrin tó yí wáyà rẹ̀, ọwọ́ onírédíò tó jó o pọ̀, ọwọ́ ẹni tó fi ogún ọdún ta á, àti ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Jìtá pupa náà kò sí lábẹ́ ibùsùn mọ́. Ara ògiri yàrá mi ló wà, pickup rẹ̀ kan ti kú, ọ̀kan yè. Mo ṣì máa ń kánjú.